Píkọ́ọ̀pù 504, Ọ̀gá Wa Kejì

Ní ọgbà mẹkáníìkì tí mo ti kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn, ọmọ iṣẹ́ tuntun kì í bá ọ̀gá tú ẹ́ńjìnnì. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n máa dà sínú abọ́ bẹntiróòlù fún un pé kó fọ̀. Àwa ọmọ iṣẹ́ a máa kùn sínú pé iṣẹ́ ìyà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọ nǹkan pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi ti ń mọ bóòtù tó ń gba sípánà 13 yàtọ̀ sí ti 14 kí ojú mi tó rí i, mo sì ti ń dá èyí tí eyín rẹ̀ ti jẹ mọ̀, tí kò yẹ kó padà síbi tí wọ́n ti yọ ọ́.

Ọkọ̀ tó kọ́ wa níṣẹ́ jù lọ ni píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ti Ìyá Eléèlùbọ́, tó ń kó èlùbọ́ àti gààrí láti Òkè-Ògùn wá sí ọjà Bódìjà. Ọdún 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975, kò pẹ́ tí 504 fi gba ìgboro kan, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń gùn ún, tí wọ́n sì fi ń kó èrò. Ọdún 1979 ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn á mọ̀ pé ẹrù ni wọ́n dìídì ṣe é fún: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni sípíríǹgì rẹ̀, kì í ṣe irin lílọ́ tó wà lẹ́yìn sálúùnù.

Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ ìyá náà gbé e wọlé, ooru ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú mi ti ń wá sípánà tó máa fi tú ráyétọ̀. Ọ̀gá ní kó fi sílẹ̀ ná, wọ́n yíjú sí awakọ̀.

"Bàbá, ìgbà wo gan-an ló máa ń gbóná fún yín?"

"Inú gósìlóò ni, ọ̀gá. Tí mo bá ti bọ́ sí títì tí mo ń sáré, ara rẹ̀ á balẹ̀."

"Ráyétọ̀ ò ṣẹ̀ yín nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká wo fáànù."

Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ sí ráyétọ̀. Tó bá dúró, ó di ọwọ́ fáànù. Fáànù 504 yìí kì í sì í fẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bẹ́líìtì ń yí ìdí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí omi bá gbóná dé ìwọ̀n ni máágínẹ́ẹ̀tì kan tó ń lo iná tó máa gbá a mú. Tí omi bá tutù, á jù ú sílẹ̀. Kábọ́ọ̀nù kékeré kan ló ń gbé iná fún máágínẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà tí ọ̀gá yọ ọ́ síta, ó ti jẹ dé ìdí, kò kan ibi tó yẹ kó kàn mọ́. Owó táṣẹ́rẹ́ la fi ra òmíràn. Ká ní ráyétọ̀ la pààrọ̀ ni, owó ńlá ni ìyá ì bá san, ọkọ̀ á sì tún gbóná ní gósìlóò ọjọ́ kejì. Ọ̀nà kan ò wọjà lọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń gbóná. Ìbéèrè ló ń fi ọ̀nà tó gbà wọlé hàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá ṣe kọ́ wa láti máa ka pulọ́ọ̀gì. A ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà lórí ẹ́ńjìnnì. Èyí tí imú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú ń jó dáadáa. Tó bá dúdú tó sì gbẹ, kabúrétọ̀ ń da epo jù. Tó bá dúdú tó tún ń yọ̀, ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì kọjá. Tó bá funfun, epo kò tó o, ẹ́ńjìnnì ń gbóná lódì. Kọ́ńtáàtì inú dísíbútọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àlàfo mìlímítà 0.4 ló ń fẹ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára la fi ń wọ̀n ọ́n. Irin náà gbọ́dọ̀ fà díẹ̀ lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ há. Ṣùgbọ́n tí ojú kọ́ńtáàtì bá ń jó dúdú lemọ́lemọ́, ọ̀gá kì í jẹ́ ká ra òmíràn títí a ó fi wo kọndẹ́ńsà.

Ìgbà tí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì jó ni mo tó rí iṣẹ́ gidi. Omi ti wọnú ọ́ìlì, ó ti di bí ògì. A sọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Alumíníọ́mù ni, ooru sì máa ń mú un tẹ̀. A gbé irin gbọọrọ kan tó tọ́ lé ojú rẹ̀, a sì rí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba abẹ́ irin náà kọjá, la bá gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ họ ojú irin. Kí a tó lọ, ọ̀gá pariwo: "Kí ẹnikẹ́ni má yí ẹ́ńjìnnì yẹn o!" Sìlíńdà 504 kò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Ńṣe ni wọ́n ki mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú ihò wọn, tí omi yí wọn ká, orí ẹ́ńjìnnì ló sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Tí èèyàn bá yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí orí kò sí níbẹ̀, písítìnì lè fa sìlíńdà sókè, ohun tó dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á já, omi á sì tún máa ṣàn sínú ọ́ìlì, bó ti wù kí gáskẹ́ẹ̀tì tuntun dára tó. Bóòtù àti wáṣà fífẹ̀ ni ọ̀gá fi há wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tí orí padà dé, àárín la ti bẹ̀rẹ̀ sí í dè é lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, a yí gbogbo rẹ̀ po kí a tó tún padà sí àárín.

Ní ti ìtọ́jú, kò sí awo kankan níbẹ̀: omi, ọ́ìlì, bẹ́líìtì àti táyà láràárọ̀ kí wọ́n tó ṣíná sí i, ọ́ìlì tuntun lásìkò, gíríìsì níbi tí irin ti ń ha irin, kí ẹrù má sì ju agbára sípíríǹgì lọ. Ní ti páàtì, Àràrómì ní Agodi Gate la ti máa ń rà á, a kì í sì í lọ láìmú ògbólógbòó dání. Àwa máa ń gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó wo eyín, a ó wọn gígùn, a ó gbé e sọ́wọ́ bóyá ó fúyẹ́ jù, kí owó tó kúrò lápò.

Lẹ́yìn tí mo gba fúrídọ̀ọ̀mù, àwọn oníbàárà máa ń bi mí bóyá kí wọ́n ta ògbólógbòó ọkọ̀ wọn. Èmi kì í wo ẹ́ńjìnnì kí n tó dáhùn, nítorí a lè tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo ń wọ̀ lọ, mo ń fi òòlù kan ṣáásíì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá dún gan-an ṣì lágbára. Ibi tí òòlù bá rì sí, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kò sì sí àlẹ̀mọ́ tó máa gbé ẹrù èlùbọ́ dé Bódìjà lórí irin bẹ́ẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n tú, kí wọ́n kó ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀ pamọ́ fún èyí tí ṣáásíì tirẹ̀ ṣì le.