Ìjẹ̀ṣà Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan: Àwọn Àṣẹ Kéékèèké fún Olùtọ́jú Ẹ̀rọ

Lónìí, ọ̀rọ̀ mi kàn yín bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ó sì kàn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún ilé ìwé, ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ó dá lórí bí a ṣe lè kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ẹ̀rọ kí a sì tún rí i mú jáde.

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ kan, Ìjẹ̀ṣà. Lójú wa, lẹ́tà márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í wo lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń wò. Unicode fún ẹ ní nọ́ńbà U+1EB9, ó fún ọ ní U+1ECD, ó sì fún ṣ ní U+1E63. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀ tàbí ọ́. A ní láti kọ́kọ́ kọ ẹ, kí a tó gbé àmì ohùn lé e: U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀, U+0301 fún ohùn òkè. Nítorí náà, Ìjẹ̀ṣà lè jẹ́ nọ́ńbà 6. Bí ẹ̀rọ tí a fi tẹ̀ ẹ́ bá sì tú gbogbo àmì kúrò lára lẹ́tà, yóò di 10. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, ojú ènìyàn kò lè yà wọ́n. Ẹni tó bá fi ọ̀kan wá èkejì pẹ̀lú grep kò ní rí nǹkan kan.

Ohun tó wà nídìí èyí ju ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, ẹ̀rọ lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí, akọ̀wé yóò sì gba ẹ̀rọ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti torí èyí pa àmì tì pátápátá. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ "osun" lásán, ṣé Ọ̀ṣun ni, odò tí UNESCO fi igbó rẹ̀ ní Òṣogbo sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, tàbí osùn tí a ń fi para? Ìṣòro tí a gbé kúrò lọ́rùn ẹ̀rọ, orí ẹni tó ń kàwé ni a sọ̀ ọ́ kà.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a tẹ̀ ẹ́ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Lórí Linux tó ń lo X11, àṣẹ yìí yóò fún yín ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ó máa fi Alt àti Shift pààrọ̀ wọn:

setxkbmap -layout us,ng -variant ,yoruba -option grp:alt_shift_toggle

Èkejì wà fún àwọn fáìlì tó ti wà nílẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ìlà tó dúró ṣánṣán (U+0329) sí ìdí lẹ́tà dípò àmì tó rí róbótó (U+0323). Unicode kò ka méjèèjì sí ọ̀kan náà, nítorí náà àwa ni a ó sọ wọ́n di ọ̀kan kí a tó so lẹ́tà pọ̀. Ẹ pe fáìlì yìí ní tun.sh. Ẹ ó nílò uconv, tó wà nínú icu-devtools lórí Debian:

#!/bin/sh
LC_ALL=C sed 's/\xCC\xA9/\xCC\xA3/g' "$1" | uconv -f utf-8 -t utf-8 -x any-nfc

Ẹ lò ó báyìí: sh tun.sh ilu.txt > ilu2.txt. Ẹ má ṣe pa ti àtijọ́ rẹ́ títí ẹ ó fi yẹ tuntun wò.

Ẹ̀kẹta ni ètò tító. Bí ẹ bá sọ pé kí ẹ̀rọ fi nọ́ńbà nìkan to àwọn ìlú mẹ́fà kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ohun tí ẹ ó rí nìyí: Iléṣà, Èjìgbò, Ìkìrun, Ìwó, Òṣogbo, Ẹdẹ. Ẹdẹ di èrò ẹ̀yìn! Álífábẹ́ẹ̀tì wa ní lẹ́tà 25: ẹ tẹ̀lé e, gb sì jẹ́ lẹ́tà kan tó tẹ̀lé g, tó fi jẹ́ pé gúgúrú gbọ́dọ̀ ṣáájú gbàgede. Fáìlì to.py nìyí:

import sys, unicodedata as u
AB = "a b d e ẹ f g gb h i j k l m n o ọ p r s ṣ t u w y".split()
def ipo(oro):
    oro = u.normalize("NFD", oro.lower())
    oro = "".join(c for c in oro if c not in "\u0300\u0301\u0304")
    oro = u.normalize("NFC", oro).replace("gb", "G")
    return [AB.index("gb" if c == "G" else c) for c in oro if c == "G" or c in AB]
print(*sorted((l.strip() for l in sys.stdin), key=ipo), sep="\n")

Bí ẹ bá pa á láṣẹ pé python3 to.py < ilu2.txt, ẹ ó rí Èjìgbò, Ẹdẹ, Ìkìrun, Iléṣà, Ìwó, Òṣogbo. Ó wo àmì ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara lẹ́tà, ó sì gbójú fo àmì ohùn, bó ṣe yẹ nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Èyí tó burú jù ni mo fi parí. Bí tábìlì MySQL yín bá wà lórí latin1, ó mọ Ò àti à, ṣùgbọ́n kò mọ ṣ. Ó lè kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tàbí kó fi àmì ìbéèrè rọ́pò lẹ́tà: Òṣogbo á di Ò?ogbo, Ìjẹ̀ṣà á di Ìj???à. Ẹ lo utf8mb4 kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú rẹ̀:

ALTER TABLE ilu CONVERT TO CHARACTER SET utf8mb4;

Àṣẹ yìí ń dáàbò bo ohun tó ń bọ̀, kò lè jí òkú dìde. Orúkọ tó ti di àmì ìbéèrè, inú ìwé tí a fọwọ́ kọ tàbí lẹ́nu àwọn àgbà nìkan ni a ti lè tún un rí.

Láyé àtijọ́, àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà máa ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn yóò fi pé. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a bá jókòó ti ẹ̀rọ. Ó jẹ wá ní àmì orí, ó jẹ wá ní àmì ìsàlẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ dìde kó tó san án pé. Ẹ kó àwọn àṣẹ yìí pamọ́, ẹ tún wọn ṣe bó ti bá iṣẹ́ yín mu, kí ẹ sì fi han ẹlòmíràn. Ire o.