Mọ́tò tuntun tá a gbàdúrà lé lórí, ọ́ìlì ẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ìwàásù. Ẹ má wá wúńdíá mẹ́wàá nínú ẹ̀ o, ọ́ìlì mọ́tò gangan la fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà pẹ̀lú wa níbí, l'Óríta-mẹ́rin, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ra mọ́tò nínú ìjọ á gbé e wá fún ìyàsímímọ́. A kì í kọ̀. Àwọn alàgbà á jáde, a ó gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó fi òróró kàn án, a ó gbàdúrà pé kò ní mu ẹ̀jẹ̀, kò ní pàdé agbako lójú títì. Gbogbo ìjọ á ṣe àmín gbì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àmín yẹn, ìbéèrè kan wà tá a máa ń bi onímọ́tò: "Ìwé tó bá a wá dà? Ìgbà wo lẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀?" Ọ̀pọ̀ wọn máa ń rẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀, tuntun ni o! Tíà-rọ́bà ni!" Bẹ́ẹ̀ ni, tuntun ni. Àdúrà tá a gbà, Ọlọ́run gbọ́. Àmọ́ òróró tá a fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní wọnú ẹ́ńjìnì lọ báa yín ṣe iṣẹ́ ọ́ìlì.

Ọ̀rọ̀ yìí di ńlá lọ́dọ̀ wa nígbà tí ìjọ ra bọ́ọ̀sì tuntun. Ẹ mọ bá a ṣe kówó yẹn jọ. Àwọn màmá tó ń ta ata l'Ọ́jà'ba wà nínú ẹ̀, tí wọ́n ń mú igba náírà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bọ́ọ̀sì ò tíì pé oṣù kan tí ìgbìmọ̀ ti ń jà lórí ọ́ìlì. Ìjà gidi o, tó fi jẹ́ pé àwọn méjì ò kíra wọn dáadáa lẹ́yìn ìsìn. Bàbá alàgbà kan, tó ti ń wakọ̀ látìgbà Volkswagen ìjàpá, ní ká da ọ́ìlì yẹn nù ní 1,000 kìlómítà. Arákùnrin wa kan tó jẹ́ ẹnjiníà ṣíwèé, ó ní 10,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí ló dé tá a fẹ́ máa fowó ìjọ ṣòfò? Awakọ̀ wa, tó ti gun ọ̀kadà rí, ní òun ò gba ti ẹnì kankan nínú wọn, 500 lòun mọ̀.

Nígbà tá a jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a rí i pé kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Ibi tí kálukú ti kọ́ tiẹ̀ ló yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen l'Ékòó àti Peugeot ní Kàdúná lọ́dún 1975, irin inú ẹ́ńjìnì tuntun máa ń ha ara wọn kí wọ́n tó mọwọ́ ara wọn, ìdà irin á sì bọ́ sínú ọ́ìlì. Ìjàpá tiẹ̀ wá, kò ní fílítà bíi ti òde òní, asẹ́ lásán ló ní. Téèyàn ò bá tètè da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, ìdọ̀tí yẹn náà lá máa yípo. Ẹ̀kọ́ Bàbá nìyẹn. Ti awakọ̀, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ti kọ́ ọ. Ọ́ìlì kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnì, jíà àti kíláàṣì jọ ń lò nínú púpọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí ìwé wọn fi ń bèèrè ìpààrọ̀ àkọ́kọ́ kó tó kọjá 1,000 kìlómítà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra kẹ̀kẹ́ tuntun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó di 5,000.

Ṣùgbọ́n mọ́tò ayé ìsinsìnyí yàtọ̀. Wọ́n ń gé irin ẹ̀ kó ṣe rẹ́gí, fílítà gidi sì wà ńbẹ̀. Àwọn bíi Honda tiẹ̀ ń sọ pé kéèyàn má kánjú da ọ́ìlì tó bá mọ́tò jáde nílé iṣẹ́ wọn nù. Ẹnjiníà wa wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé òun ti borí. A ní, bùrọ̀dá, ẹ ṣí ojú ìwé kejì.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé mọ́tò, òǹkà méjì ló wà: ọ̀kan fún ìrìn tó tura, èkejì fún ìrìn líle. Ẹ wo Toyota tí wọ́n ń lò l'Ámẹ́ríkà, èyí tó ń mu ọ́ìlì 0W-20. Ìwé ẹ̀ sọ pé 10,000 máìlì tàbí oṣù 12, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀nà eléruku lẹ ń rìn, tàbí ẹ ń fi ṣe takisí, tàbí ẹ ń rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tó wà ní títàn fún ìgbà pípẹ́, ó di 5,000 máìlì tàbí oṣù 6. (Máìlì ni o, kì í ṣe kìlómítà. 5,000 máìlì ń lọ sí bíi 8,000 kìlómítà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ yẹ dáṣíbọ́ọ̀dù yín wò dáadáa.) Ti bọ́ọ̀sì wa náà ní ojú ìwé kejì: 5,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà.

Ẹ wá sọ fún wa, ẹ̀yin ará, èwo ni tiwa nínú méjèèjì? Ẹ gbéra láti Bẹẹrẹ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ máa lọ s'Ọ́jà'ba. Àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ò mọ̀ pé Micra ẹgbẹ̀rún kan á máa wá ọ̀nà gba abẹ́ òkè yẹn kọjá. Ẹ ó lo ogójì ìṣẹ́jú lórí ibi tẹ́sẹ̀ ò ní lò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, oòrùn ń lu ú, eruku ń wọlé, àmọ́ òǹkà dáṣíbọ́ọ̀dù ò kúrò lójú kan. Kìlómítà ò ka sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ọ́ìlì ní tiẹ̀ ń kà á.

Ìrìn kúkúrú náà ń ba ọ́ìlì jẹ́, èyí sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá wà á láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, tẹ́ ẹ sì pa á, ẹ́ńjìnì ò tíì gbóná tó láti lé omi àti epo bẹntiróòlù tó ń jò sínú ọ́ìlì jáde. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ń ka oṣù mọ́ kìlómítà. Mọ́tò tó ń rin kìlómítà 15 lóòjọ́, oṣù mọ́kànlá ló máa lò kó tó pé 5,000. Onítọ̀hún á ní òun ò tíì rìn. Oṣù mẹ́fà ti kọjá lára ẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó ń fi tiẹ̀ ṣe takisí, tó ń rin 120 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje ni tiẹ̀.

Arákùnrin wa kan wà tó gba kòròpe tuntun ní họ́yà-pọ́ṣéèsì. Ọmọ gidi ni, kì í mutí, kì í sáré. Lẹ́yìn 29 May 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti tán, gbogbo nǹkan gbówó lórí, ọ́ìlì náà ò gbẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ààyè: ó di 10,000, ó di 13,000. Tó bá fa gééjì yọ tó rí i pé ó ti lọ sílẹ̀, á ra ọ́ìlì inú ọ̀rá lẹ́bàá títì, á fi lé e. Ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì lọ́nà Mọ́lété, ó ku oṣù mẹ́jọ kó san tán. Ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì, họ́yà ò nọ́ọ̀kì.

Àwọn ará ilé ẹ̀ gbé e wá fún ìtúsílẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni, pé àbúrò bàbá ẹ̀ kan wo mọ́tò náà lójú ọjọ́ tó gbé e délé. A gbàdúrà pẹ̀lú ẹ̀, a ò ní purọ́. A tún bá a bẹ olówó họ́yà kó sún àsìkò síwájú. Àmọ́ a sọ fún un lójú gbogbo wọn pé àlejò ni àbúrò bàbá ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Inú màmá ẹ̀ ò dùn sí wa. Ó sàn kínú wọn má dùn ju kí wọ́n tìtorí ọ́ìlì tó ti di ẹrẹ̀ máa bá ẹ̀jẹ̀ ara wọn ṣọ̀tá.

Ohun tá a fẹnu kò lé lórí fún bọ́ọ̀sì nìyí: 5,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá ṣíwájú, àti fílítà tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. A fún Bàbá alàgbà láyè díẹ̀, a ṣe ti àkọ́kọ́ ní 3,000 kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹnjiníà kùn, ṣùgbọ́n ó gbà. Irú ọ́ìlì tí ìwé dárúkọ la ń rà. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn 20W-50 nítorí pé oòrùn wa mú, àmọ́ ọ̀nà tóóró ni ọ́ìlì ń gbà nínú ẹ́ńjìnì tuntun, tí ìwé bá ní 5W-30, 5W-30 ni. Ọ̀dọ̀ ẹni tá a mọ̀ la ti ń rà á, ní Aráròmí ní Géètì, ìwé owó ẹ̀ sì ń lọ sínú fáìlì, torí wáráńtì. Àwọ̀ dúdú nìkan kò tó ẹ̀rí pé ọ́ìlì ti bàjẹ́ o. Tó bá ń fọ ẹ́ńjìnì, ó gbọ́dọ̀ dúdú.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, arákùnrin wa mẹkáníìkì máa wà ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé mọ́tò yín wá, àti tuntun àti tòkunbọ̀, kó bá yín fa gééjì yọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tètè dé kí ẹ́ńjìnì lè sinmi díẹ̀ kó tó wò ó. Kẹ́ ẹ sì má páàkì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú géètì, inú lọ́hùn-ún ni kẹ́ ẹ wọ̀, ibẹ̀ ló tẹ́jú. Ẹ mú ìwé mọ́tò yín dání. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti sọnù, ẹnjiníà wa máa bá yín wá a jáde lórí fóònù.