Gbèsè Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Houston

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù Kẹfà ọdún 2023. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bọ́ bàtà, mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀bà wá. Ọmọ mi obìnrin jókòó sórí àga kejì, ó ń ka ìwé ìròyìn tí èmi fúnra mi mú wálé. Ìròyìn òfin tuntun ló ń kà, èyí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́jọ́ kejìlá oṣù náà, pé kí ìjọba máa yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó tí wọ́n á fi lọ sí yunifásítì. Inú rẹ̀ ń dùn. Ọdún tó ń bọ̀ ló fẹ́ wọlé, ó sì mọ bí àpò bàbá rẹ̀ ṣe rí.

Ó kà á títí ó fi dé ibi tí wọ́n to àwọn tí kò ní í rí owó náà yá sí. Ó ní, "Dádì, ẹ gbọ́ eléyìí. Wọ́n ní ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti yáwó ilé-ìwé rí, tí kò san án, wọn ò ní í yá a." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A dúpẹ́ pé ẹ̀yin ò lọ sí yunifásítì."

Òkèlè há mi lọ́fun. Ìyàwó mi ní kí n mu omi. Mo mu omi.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òótọ́ ni pé n kò ní ìwé ẹ̀rí kankan ju ti girama lọ títí di òní. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mò ń ṣe yìí, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n irọ́ ni pé n kò yáwó ilé-ìwé rí. Mo yá a. Mo jẹ ìjọba Amẹ́ríkà, mo tún jẹ báńkì kan lọ́hùn-ún, ó sì ti di ọdún kẹrìnlá tí n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé mi.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 2005 ni mo jẹ fisà lọ́tìrì. Nàìjíríà ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn, àwọn káàfé tí wọ́n ti ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì pọ̀ ní Mọ́kọ́lá bí ìsọ̀ ẹlẹ́kọ. Ìwé girama tó fún ohun tí wọ́n ń béèrè, èmi sì ní in. Mo fi àfẹ́sọ́nà mi sílẹ̀ n'Íbàdàn pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́ta. A ò tíì ṣe ìgbéyàwó, kò sì lè bá fisà mi lọ. Mo ní kó fara balẹ̀, bó pẹ́ bó yá, ọdún méjì.

Houston ni mo lọ, lọ́dọ̀ Àǹtí mi, àbúrò tó tẹ̀lé ìyá mi. Oòrùn ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé èèyàn lè ra ẹ̀lúbọ́ láìsọ gẹ̀ẹ́sì. Àǹtí ló ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé ebi kì í pa nọ́ọ̀sì nílùú yẹn. Òun náà ń tọ́jú àwọn arúgbó, òru ló ń ṣe.

Nítorí pé mo ní gríìn káàdì, ìjọba lè yá mi lówó. Wọn ò béèrè onídùúró, wọn ò béèrè ilé tàbí ilẹ̀. Mo kún fọ́ọ̀mù, mo fọwọ́ sí i, owó dé. Láàárín 2006 sí 2008, 11,000 dọ́là ni mo yá lọ́wọ́ wọn, èlé rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 6 àti sẹ́ǹtì 80 lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Kò tó. Mo lọ bá báńkì fún 8,000 sí i. Báńkì kì í ṣe ìjọba ní tiwọn, wọ́n ní kí n mú ọmọ onílùú kan wá tí yóò dúró fún mi. Àǹtí wọ gíláàsì rẹ̀, ó fọwọ́ sí i lórí tábìlì ìdáná. Kò kà á. Èmi náà ò kà á. Ó kàn wò mí, ó ní, "Àkànní, má dójú tì mí o."

Mo dójú tì í.

Kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ. Òru ni mò ń kó ẹrù ní wíàháòsì, ojúmọmọ ni mò ń lọ sí kíláàsì, oorun a sì máa gbé mi lọ lójú olùkọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹsán-án 2008, ìjì tí wọ́n sọ ní Ike ja Houston, iná lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ bí ẹni pé ilé la wà. Oṣù yẹn kan náà ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n dín wa kù níbi iṣẹ́, n kò sì padà sí kíláàsì mọ́. Lọ́dún 2009, bàbá mi kú. Mo wá sìnkú, mo rí ọmọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti ń sáré káàkiri inú ilé. Ó rí mi, ó sá lọ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. N kò padà sí Houston. Nígbà tí ọdún kan kọjá, gríìn káàdì di páálí lásán.

Ẹ ó bi mí pé gbèsè ńkọ́? Èmi rò pé òkun ti bò ó mọ́lẹ̀. Ta ló máa ti Texas wá sí Àgbẹ̀ni wá béèrè dọ́là lọ́wọ́ oníwèé ìròyìn? Láyé àwọn bàbá wa, bí èèyàn bá jẹ gbèsè tí kò san án, wọ́n á rán ẹni tí yóò dógò tì í. Onítọ̀hún á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, á máa pa adìẹ ilé jẹ, ìyà á jẹ gbogbo agboolé títí wọ́n á fi dá owó náà jọ. Tayé òde òní, lẹ́tà ni. Lẹ́tà ò sì mọ ojúlé mi.

Lọ́dún 2010, Àǹtí pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. N kò gbé e. Mo rò pé mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Lọ́sẹ̀ kejì mo pààrọ̀ síìmù. Mo sọ fún ìyàwó mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ni kò dáa. Láti ìgbà náà, ẹnu ìyá mi ni mo ti ń gbọ́ pé Àǹtí ń kí mi. Ìkíni náà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ojú mi rí ní 2023. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ ẹ̀bà yẹn, olóòtú wa ní kí n kọ ojú ewé méjì lórí òfin náà. Mo kọ ọ́. Mo kọ nípa ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1972 láti máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó yá a ò ṣe san án, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di báńkì ẹ̀kọ́ lọ́dún 1993 tí ìyẹn náà ò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo bẹnu àtẹ́ lu àwọn ajẹgbèsè. Èèyàn méjì kọ lẹ́tà wá pé mo sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Mo ká lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀.

Mo bi lọ́yà kan tí mo mọ̀ léèrè, bí ẹni pé ọ̀rẹ́ mi kan ni, bóyá gbèsè òkè òkun lè dí ọmọ lọ́nà nílé. Ó ní, "Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó lọ sùn." N kò rí oorun sùn. Nígbà tó sì di ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin 2024, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin mìíràn tó rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ onídùúró méjì tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa mú wá kúrò, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ gbèsè òbí náà kúrò. Ọmọ mi ti bọ́. Ó yẹ kí n jó.

Nínú oṣù Karùn-ún tí wọ́n ṣí fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ yìí gbé fóònù wá bá mi. Owó náà kò lélé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, ọmọ á sì máa gba 20,000 náírà lóṣù fún oúnjẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan tó bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù. Ó ka gbogbo rẹ̀ fún mi, ó wá ní, "Dádì, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá san án?"

Mo ní kó lọ pe ìyá rẹ̀ wá.

Mo sọ ọ́ tán lóru ọjọ́ yẹn. Mo rò pé ìyàwó mi á béèrè iye owó náà. Kò béèrè. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ta ló dúró fún yín?" Ẹnu mi wúwo. Ọmọ ń wo ilẹ̀.

Ìjọba ni mo kọ́kọ́ pè, torí òun ni mo bẹ̀rù jù. Ẹ̀rù tó tọ́ sì ni: gbèsè ìjọba wọn kì í kú, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí èèyàn bá wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n lè yọ nínú owó oṣù rẹ̀ láìdé kóòtù. Èlé tèmi, 748 dọ́là ni lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí àkókò kòrónà, láti oṣù Kẹta 2020 títí wọ oṣù Kẹsán-án 2023, tí wọ́n dá èlé dúró. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n dá a dúró. 11,000 ti lé ní 19,000. Obìnrin tó gbé fóònù kò pariwo mọ́ mi. Ó ní ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Fresh Start, èyí tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹsán-án ọdún yẹn, pé wọ́n á fi yọ mí kúrò lára àwọn tó sá fún gbèsè, kí n wá kọ owó oṣù mi sílẹ̀ kí wọ́n fi ṣírò ohun tí agbára mi ká. Owó oṣù mi, tí wọ́n bá sọ ọ́ di dọ́là, kò tó ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìpè mẹ́rin àti fọ́ọ̀mù méjì, èsì dé: ohun tí mo máa san lóṣooṣù jẹ́ òdo.

Mo wo òdo náà títí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi sá fún un! Èlé ṣì ń gun orí rẹ̀ o, ọdọọdún ni mo sì gbọ́dọ̀ tún kọ owó oṣù mi sílẹ̀, títí ọdún 25 á fi pé tí wọ́n á pa ìyókù rẹ́. Àwọn tí kò pè, ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kiri láti ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún 2025.

Mo wá pe báńkì. Ọkùnrin kan wo ìwé, ó ní gbèsè náà ti tán láti oṣù Kọkànlá 2019. Mo ní ta ló san án? Ó ní ẹni tó dúró fún mi. 110 dọ́là lóṣooṣù, láti oṣù Kẹta 2010, oṣù 117. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí síìmù kan tó wà lórí tábìlì: 12,870 dọ́là.

Ilé kan wà l'Ákóbọ̀ tó jẹ́ ti Àǹtí. Ó ti dé orí lẹ́ńtẹ̀lì kí n tó lọ sí Amẹ́ríkà. Koríko ti hù nínú yàrá rẹ̀. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá, mo sì ti máa ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé àwọn ará òkè òkun yìí, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń parí nǹkan.

Fóònù ìyá mi ni mo fi pè é.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí. Èmi ni."

"Èmi wo?"

"Àkànní, mà."

Ó dákẹ́. Ó ní, "Àkànní tó kú yẹn ni, àbí òmíràn?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Àǹtí ò lè rí mi, ìyá mi ló rí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló kú. Mo ń bẹ ọ̀kan lórí fóònù, mò ń fọwọ́ juwọ́ sí èkejì pé kó dákẹ́.

Àǹtí ní, "Ìwọ gbọ́. Owó kọ́ ló dùn mí. Nígbà tí mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, mo fẹ́ sọ fún ọ pé kí o má bẹ̀rù, pé èmi á san àádọ́ta, ìwọ náà á máa wá ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ. O ò gbé e. Mo pe ìyá rẹ, mo rò pé o ti kú, ó ní o wà níbẹ̀, ò ń jẹyán."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní màá san án. Ó ní kí ni màá fi san án. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo yá owó náà, dọ́là kan ò ju nǹkan bí 120 náírà lọ. Lọ́jọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ti di nǹkan bí 1,480. Ohun tí ì bá jẹ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà ti lé ní mílíọ̀nù 19. Ó ní òun ò fẹ́ dọ́là lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n gba Akóbọ̀ lọ, kí n ro koríko inú ilé òun, kí n máa fi ohun tí mo bá rí lóṣù ra sìmẹ́ńtì, kí n sì máa dúró ti àwọn bíríkìlà. Ó ní òun ti ń darúgbó, òun ò fẹ́ kú sílé àwọn arúgbó tí òun ń tọ́jú.

Mo ní, "Àǹtí, mo ti di ìwọ̀fà yín nìyẹn."

Ó ní, "Ìwọ̀fà kì í pààrọ̀ síìmù."

Ọmọ mi wọ yunifásítì ìjọba lọ́dún yẹn. Ó yá owó ẹ̀kọ́, ó ní òun ò fẹ́ ti oúnjẹ. Ó tẹ gbogbo àdéhùn rẹ̀ sórí ìwé, ó sì jókòó ti ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi kà á dé ìparí. Wọn ò pè mí sí i.

Èmi, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Akóbọ̀ ni ẹ ó ti bá mi. Àpò sìmẹ́ńtì méjì lóṣù, nígbà míì mẹ́ta, bí wọ́n bá san owó wa lásìkò. Yàrá méjì ti rí òrùlé báyìí. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lánàá. Ó ní fèrèsé apá ọ̀tún wọ́, kí n jẹ́ kí bíríkìlà tú u, kó tún un ṣe.