Aṣọ Ńlá Kọ́ Ni Ènìyàn Ńlá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní alẹ́ ọjọ́ kan tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin jókòó wo Bugsy, fíìmù tí Barry Levinson darí, tí ó jáde ní 1991. Nígbà tí ó parí, àbúrò mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, ọkùnrin yìí mà wù mí o. Ẹ ò rí i bí ó ti mọ ìfẹ́ ṣe?" Ǹ bá bá a wí, ṣùgbọ́n omijé ń bẹ lójú èmi alára.

Ta ni ọkùnrin náà? Benjamin Siegel ni, ògbólógbòó ọ̀daràn tí wọ́n bí ní Brooklyn, ní New York, ní 1906. Warren Beatty ni ó ṣe é nínú eré. Annette Bening sì ṣe Virginia Hill, olólùfẹ́ rẹ̀. Siegel ní aya nílé, ó ní ọmọbìnrin méjì, síbẹ̀ Virginia ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ó kó owó àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ sórí Flamingo, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé tẹ́tẹ́ kan ní aṣálẹ̀ Las Vegas, títí ìnáwó náà fi tó mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1946. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1947, wọ́n yìnbọn pa Siegel nínú ilé tí Virginia ń gbé ní Beverly Hills. Ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi rí lórí ikú náà.

Lóru ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Kí ni ó pa mí lẹ́kún nítorí apànìyàn? Mo rántí ibi tí Siegel ti gbé Harry Greenberg, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tí ó tú àṣírí ẹgbẹ́, lọ síbi tí ó dá, tí ó sì pa á, tí Virginia sì ń dúró nínú ọkọ̀. N kò ronú kan Harry mọ́. Ohun tí mo ń rò ni bóyá Virginia yóò kọ olólùfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe di aṣọ tí wọ́n fi bo òkú lójú mi. Nínú ìtàn gidi, ní 1939 ni wọ́n pa Greenberg, níwájú ilé rẹ̀ ní Los Angeles. Wọ́n fi ẹ̀sùn náà kan Siegel, ṣùgbọ́n wọn kò dá a lẹ́bi. Àlá Flamingo tí eré náà fún un pàápàá, Billy Wilkerson ni ó kọ́kọ́ lá a. Ìgbà tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni Siegel gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Àbí kò yani lẹ́nu pé ọ̀kan nínú ẹ̀bùn Oscar méjì tí fíìmù náà gbà, ti aṣọ àwọn òṣèré ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, májèlé ni Ìyálóde jẹ. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n pa á ní 1874. Ọ̀kan fi ọ̀dà funfun kun ọ̀daràn, èkejì fi dúdú kun obìnrin alágbára. Òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti tún ìtàn rọ. Ojúṣe òǹkàwé ni láti béèrè ẹni tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi àbúrò mi pé, "Kí ni orúkọ ọ̀rẹ́ tí ọkùnrin náà pa?"

Ó ronú títí, kò rántí.

Mo ní, "Harry ni. Èmi náà ti gbàgbé rẹ̀ lálẹ́ àná. Òun náà ní aya."

Àbúrò mi dákẹ́. Kò tún sọ pé Siegel wu òun.