Ahéré Inú Igbó ní Òkè Sàró

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko ẹni tí ó tó ti baba òun. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin olùkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ń ka ìwé ìròyìn yìí sétí àwọn ọmọ yín ní ìrọ̀lẹ́, nípa ibi ìsinmi kan tí èmi àti aya mi lọ ní ilẹ̀ Sàró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024.

Sàró kì í ṣe àjèjì sí etí wa. Ní ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ Òṣogùn kan tí ń jẹ́ Àjàyí lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì gbé e gúnlẹ̀ ní Freetown. Ní abúlé Bathurst, lórí òkè tí ó wà lẹ́yìn ìlú náà, ni ó ti kọ́ ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà, kí ó tó di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn ènìyàn wa tí a dá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè wọ́n ní Akú, nítorí “ẹ kú” tí kì í kúrò lẹ́nu wọn bí wọ́n bá ń kí ara wọn. Títí di òní, àwùjọ ni àwọn Krio ń pe àsè tí ìdílé fi ń rántí àwọn òkú wọn.

Lórí òkè kan náà, nítòsí abúlé Regent, ni ibi tí a wọ̀ sí wà. Tacugama ni orúkọ rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn ìnàkí tí kò ní ìyá ni. Ní ọdún 1988, Ọ̀gbẹ́ni Bala Amarasekaran àti aya rẹ̀ rí ọmọ ìnàkí kan tí a fẹ́ tà, àánú ṣe wọ́n, wọ́n sì rà á, wọ́n pè é ní Bruno. Láti inú àánú yẹn ni Tacugama ti jáde ní ọdún 1995. Ọdẹ a pa ìyá fún ẹran, a sì ta ọmọ fún ẹni tí yóò so ó mọ́lẹ̀ bí ajá. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ń kó wá síbẹ̀, tí wọ́n sì ń tún ìwà igbó kọ́ láàrin ara wọn.

Àwọn ahéré mélòó kan wà láàrin igi fún àlejò. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a kò gbọ́ ariwo ọkọ̀, a kò gbọ́ ti ẹ̀rọ amúnáwá, bí kò ṣe ti kòkòrò àti ti ewé tí ń já bọ́ sórí òrùlé. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni igbe ńlá sọ, tí aya mi sì gbá mi lẹ́sẹ̀ jí: “Baba Ìbejì, ẹ dìde! Àwọn wo ní ń jà níta?” Kì í ṣe ìjà, àwọn ìnàkí ni ń kí ara wọn kú òwúrọ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú wa gba ọ̀nà ẹsẹ̀ wọ inú igbó lọ. Ó kìlọ̀ pé kí a má súnmọ́ ọgbà, nítorí àwọn kan nínú àwọn ìnàkí náà mọ òkúta sọ. Ó sọ fún wa nípa ẹyẹ kan tí ń gbé òkè náà, tí kò ní ìyẹ́ lórí, tí orí rẹ̀ rí bí èso ìyeyè, tí ó sì ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé sára àpáta. A kò rí i, ṣùgbọ́n ọkàn wa balẹ̀ lábẹ́ òjìji igi wọ̀nyẹn.

Ní ọjọ́ kejì a sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun tí a ń pè ní River Number Two. Yanrìn rẹ̀ funfun, òkè olóríṣìíríṣìí igi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Odò kan ti inú igbó wá pàdé òkun níbẹ̀. Bí omi òkun bá fà, yanrìn a yọ láàrin odò, bí ó bá sì kún, ọkọ̀ ni a fi ń sọdá. Àwọn ará abúlé náà fúnra wọn ni ń bójú tó ibẹ̀. Ẹja yíyan àti ìrẹsì wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí aya mi fi bèèrè bí wọ́n ti ń sè é.

Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ ròyìn adùn nìkan. Nítòsí Regent yìí kan náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, òkè ya lulẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, ẹrẹ̀ àti òkúta sì bo àwọn ènìyàn mọ́ inú ilé wọn. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ ju 1,000 lọ. Òjò ni ó fà á, ṣùgbọ́n igi tí a ti gé àti ilé tí a kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè wà lára ohun tí ó mú kí àdánù náà pọ̀. Inú igbó yìí kan náà ni omi tí ìlú Freetown ń mu ti ń sun.

Ìjọba sọ igbó náà di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 2012, wọ́n sì fi ìnàkí ṣe ẹranko orílẹ̀-èdè ní ọdún 2019. Síbẹ̀ àáké kò dúró. Ní ọdún 2025, àwọn ará Tacugama ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé àwọn tí ń gba ilẹ̀ igbó ti dé ẹ̀bá ọgbà wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n bá ń gba àlejò.

Nígbà tí a gbọ́ ìròyìn náà nílé, aya mi dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Òkè tí ó gba àwọn baba wa tí kò ní ilé, òun náà ni a wá ń lé kúrò nílé yìí.” N kò rí èsì fún un. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè igbó wo ni ó kù ní àdúgbò yín, kí ẹ sì mú wọn lọ wò ó nígbà tí ó ṣì dúró.