Ìdá Kan Nínú Mẹ́rin

Jẹ́nótáìpù AS ni mí, AS ni ọkọ mi. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó fẹ́ra. Nílé ẹ̀kọ́ girama, mo ya àpótí oníyàrá mẹ́rin tó ń fi irú ọmọ tí AS méjì lè bí hàn sínú ìwé báyọ́lọ́jì mi: AA kan, AS méjì, SS kan. Mo gba máàkì pé. Ohun tí mo gbọ́ yé ni pé bí a bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ni yóò jẹ́ SS, tí yóò ṣàìsàn.

Àkọ́bí wa, obìnrin, jẹ́ SS. Kò tíì pé ọdún kan tí ọwọ́ àtẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, tí igbe kò sì dá lẹ́nu rẹ̀ lóru. A sunkún, a gba kádàrá. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ọkọ mi pé ẹyọ kan tó kàn wá ti dé, àwọn tó kù ti bọ́. Èmi ni mo sọ ọ́, ó sì gbà mí gbọ́ nítorí pé mo kàwé. Ọmọ kejì, ọkùnrin: SS.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló là mí lójú. Ó gbé abọ́ méjì kalẹ̀, ó sọ ẹ̀wà pupa kan àti funfun kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Abọ́ yìí ni ìwọ, èyí ni bàbá wọn. Pupa ni A, funfun ni S. Dijú, kí o mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan.”

Mo mú funfun méjì. Bí mo ṣe fẹ́ tún mú, ó di ọwọ́ mi mú: “Dá wọn padà ná, ọmọ mi. Abọ́ tó pé ni oyún kọ̀ọ̀kan ń bá.”

Dá wọn padà ná! Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Méjì-méjì ni jíìnì wà lára ènìyàn. Òbí á fún ọmọ ní ẹ̀dà ẹyọ kan, méjèèjì á sì tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Oyún kò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì S, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ SS á tẹ̀ bí dòjé, á há sínú iṣan, egungun á sì gba ìrora. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kì í sábà lò ju 20 lọ. Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbẹ lára àwọn ọmọ mi nìyẹn.

Àkọ́bí mi ti dàgbà báyìí. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, “Mọ́mì, bí mo bá fẹ́ AA ńkọ́?”

Mo gbé abọ́ méjì jáde. Mo sọ funfun méjì sínú tirẹ̀, pupa méjì sínú èkejì. Ó dijú, ó mú: pupa kan, funfun kan. Ó dá wọn padà, ó tún mú: pupa kan, funfun kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló mú un kí ó tó gbé abọ́ náà kúrò.