Kí Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Báyọ́lọ́jì Ń Wá Nídìí Kọ̀ǹpútà?

Ìyá aláṣọ kan ní Ọjà'ba bá mi nílé nísàlẹ̀ òkè Mápó, inú ń bí i. Báyọ́lọ́jì ni ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n wá ní kí ó kọ́ bí a ti ń kọ ìlànà iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ewé àti ẹ̀jẹ̀ kò tó wọn kọ́ ni? Owó kọ̀ǹpútà ni wọ́n tún ń bèèrè lọ́wọ́ mi!"

Mo bi í pé, "Ìyá, kí ni jínótáìpù ọmọ yín?" Ó ní AS ni.

Gbogbo wa ni a ń bèèrè èyí kí a tó fa ìyàwó fún ọkọ. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú ara wa, lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́: A, C, G àti T. (A ti jínótáìpù kọ́ ni A yìí o.) Ní ibì kan tí ó yẹ kí a ka GAG, bí ó bá jẹ́ GTG ni a bá níbẹ̀, tí ọmọ sì gba irú rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ náà tó bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Ẹni tí ó bá ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsùn láìjẹun, yóò lò tó ọdún 95 kí ó tó kà á tán.

Kọ̀ǹpútà ni yóò kà á, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ rán an níṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kò mọ èyíinì. Bí a bá ti rán an gan-an ni yóò jẹ́ ẹ. GTG sì wà níbi púpọ̀ nínú ara wa tí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹni tí kò kọ́ báyọ́lọ́jì lè ní kí ó sáà wá GTG, kí ó sì máa pariwo pé gbogbo ará Ìbàdàn ni ó ní àrùn.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ka àkọsílẹ̀ kòkòrò náà láàárín ọjọ́ díẹ̀, nǹkan bí lẹ́tà 30,000. Òun ni àkọ́kọ́ tí a kà ní Áfíríkà. A kò dúró de èsì láti òkè òkun.

Ohun tí ó ń bí èmi nínú ni bí àwọn kan ti ń kọ́ni. Wọ́n á kó ọmọ báyọ́lọ́jì jọ, wọ́n á ní kí wọ́n máa fi kọ̀ǹpútà ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́. Ṣé nítorí owó oṣù ni wọ́n ṣe wá? Púpọ̀ nínú wọn ìṣirò ni wọ́n sá fún kí wọ́n tó yan báyọ́lọ́jì! GAG àti GTG ni kí a kọ́kọ́ fún wọn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan sì tó fún ọmọ mẹ́ta.

Python ni èdè tí mo fi ń kọ́ àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ mi, kì í ṣe ejò o. Bí iná bá lọ, bébà ni à ń lò. Mo ń kọ lẹ́tà 200 síwájú wọn, kí wọ́n wá ibi tí ó yí padà, kí olúkúlùkù sì kọ bí ó ti rí i ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, ìgbésẹ̀ wọ̀nyẹn ni a ó tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.